Bàbá Àgbà, Afẹ́fẹ́ àti Igi Kúkúrú Orí Òkè

Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa ní kí n kọ ojú ewé kan péré nípa Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, kí wọ́n lè kà á níbi àdúà ogójì ọjọ́. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi: ọdún tí bàbá dé Lọ́ńdọ̀nù, ọdún tí bàbá lọ sí Mẹ́kà, iṣẹ́ tí bàbá ṣe, iye ọmọ àti ọmọ ọmọ. Mo kọ ọ́, wọ́n kà á, àwọn èèyàn ṣe àmín, a jẹ ìrẹsì, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ilé tèmi, mo rí i pé mi ò mọ bàbá tí wọ́n kà nípa rẹ̀ yẹn rárá. Ìdí nìyí tí mo fi tún mú bírò.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, màá sì sọ ọ́ kí n tó sọ ohun mìíràn. Èmi, Ṣìfá, ni mo gbé Bàbá Àgbà kúrò ní àjà kọkànlá tí wọ́n ti gbé fún ohun tó lé ní ogún ọdún ní Peckham, tí mo gbé wọn wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde láyé. Níbi ìsìnkú, mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ká ní wọ́n fi Alhaji sílẹ̀ lókè yẹn ni." Mi ò wẹ̀yìn, torí pé tí mo bá wẹ̀yìn, ìjà ni. Èmi fúnra mi ti bi Bàbá Àgbà ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì dá mi lóhùn. Mi ò tíì sọ ìdáhùn náà fún ẹnikẹ́ni, kódà Mọ́mì mi ò tíì gbọ́ ọ. Màá sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó sọ ọ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n máa ṣì í gbọ́.

Ẹni tí kò bá tíì sùn ní àjà kọkànlá rí kò lè mọ̀ pé ilé máa ń kùn. Tí afẹ́fẹ́ bá ti apá odò wá, fèrèsé á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ẹnu, omi inú kọ́ọ̀bù á máa mì, èèyàn á sì máa rò pé gbogbo ilé náà ń rìn lọ síbì kan láìkánjú. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà tí wọ́n bá ní shift. Tí mo bá jí láàárọ̀, Bàbá Àgbà á ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà bálíkónì pẹ̀lú súwẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí jálàbíà. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ á wọlé, á ṣí kàlẹ́ńdà ara ògiri sí oṣù mìíràn, á gbé kọ́tìnì dé àárín pálọ̀. Bàbá Àgbà á dijú. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. "Mò ń kí i," wọ́n ní.

Àwọn àárọ̀ kan wà tí kùrukùru máa ń bo gbogbo Peckham. Òpópónà á pòórá, àwọn ṣọ́ọ̀bù á pòórá, àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ North Peckham Estate, níbi tí Bàbá Àgbà ti tọ́ Mọ́mì mi dàgbà kí kánsù tó wó o, náà á pòórá. Ohun tó máa ń kù ni orí àwọn ilé gíga bíi tiwa, àti apá kírénì lọ́nà Elephant and Castle, tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹsẹ̀. A ó máa gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ láìrí i. Bàbá Àgbà á gbé tíì oní-mílíìkì fún mi, wọ́n á sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Lónìí, orí òkè la wà." Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo rò pé tí mo bá na ẹsẹ̀ kọjá irin bálíkónì, màá tẹ koríko.

Ìgbẹ́tì ni wọ́n ti bí Bàbá Àgbà, nídìí òkè àpáta. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń gun àpáta náà, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé irú igi tó ga ju ilé lọ nísàlẹ̀, àyà ọmọdé ló mọ lókè. Wọ́n bi bàbá wọn léèrè. Bàbá wọn ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Bàbá Àgbà ò jiyàn rárá; ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dá a bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣáà fẹ́ mọ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ìjọba ilé rán wọn wá síbí láti kọ́ iṣẹ́ igbó fún ọdún méjì, ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì rán wọn lọ sí àwọn òkè Skọ́tlándì. Ọdún méjì pé, wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò tó ń dúró dè wọ́n nílé. Bàbá Àgbà wá di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn nípa rẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń so aṣọ kọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé aṣọ yìí dáadáa, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Nígbà yẹn ní Skọ́tlándì, àwọn tó ń gbin igi fẹ́ mọ ibi tí igi lè dàgbà dé lára òkè. Aṣọ ni wọ́n ń fi wò ó. Wọ́n á gé aṣọ òwú funfun ní ìwọ̀n kan náà, wọn ò ní ṣẹ́ ẹ létí, wọ́n á so ó mọ́ òpó lára òkè bí àsíá. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹnì kan á gun òkè lọ mú un wá. Afẹ́fẹ́ á ti já a lówùú lówùú láti etí. Wọ́n á wọn èyí tó kù. Ibi tí aṣọ bá ti gbó gan-an, igi ò ní lè ga níbẹ̀, wọn ò sì ní fi àkókò ṣòfò. Ẹni tó ń gun òkè lọ mú aṣọ yẹn, nínú òtútù, pẹ̀lú bàtà tó tóbi jù wọ́n lọ, Bàbá Àgbà ni.

Nígbà tí wọ́n dé àjà kọkànlá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so òpó mọ́ irin bálíkónì, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ òpó, oṣù méjì méjì ni wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí igi kankan tí wọ́n fẹ́ gbìn sí àjà kọkànlá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí àwọn ń gbé ni.

Mọ́mì mi ò lè rí aṣọ tó ya kí wọ́n má wá abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, tí Bàbá Àgbà lọ sí mọ́sáláṣí, Mọ́mì já aṣọ náà wálẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣẹ́ etí rẹ̀ yípo, wọ́n sì dá a padà sórí òpó. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní ó kéré tán ojú ò ní máa ti àwọn mọ́ tí àwọn bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀. Bàbá Àgbà wọlé, wọ́n dúró síwájú bálíkónì, wọn ò bọ́ bàtà. Wọ́n wo aṣọ náà títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í fu Mọ́mì. "Sùlíátù," wọ́n ní, "o ti fọ oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nù." Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọn ò fi jẹ oúnjẹ Mọ́mì. Gàrí àti sardine ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì jókòó sí iwájú Mọ́mì gan-an láti jẹ ẹ́.

Ti àwọn ará mọ́sáláṣí ló tún pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ẹnì kan láti Peckham wa níbí, Yorùbá bíi tiwa, gbójú sókè, ó rí aṣọ funfun tó gbó lórí òpó níta, ó tún rí bàbá arúgbó kan tó ń rọra tú u bí ẹni tó ń tú nǹkan mímọ́. Òyìnbó máa rò pé aṣọ tí wọ́n sá ni. Ọmọ Yorùbá ò lè rò bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé mọ́sáláṣí pé Alhaji Bùsàrí ń bọ nǹkan. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Uncle Ràṣídì, akọ̀wé ẹgbẹ́, kó àgbà méjì sẹ́yìn, wọ́n wá. Wọ́n jókòó sétí àga, wọn ò gba omi.

"Alhaji, ẹ má bínú sir," Uncle Ràṣídì ní. "It's about that cloth."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tó wà níta yìí. People are talking, sir. Ẹnì kan ní òun rí yín tí ẹ ń fi tape wọ̀n ọ́n, tí ẹ tún ń kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní bóyá... bóyá ó ní nǹkan ilé kan tí ẹ gbé wá."

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n kó ìwé àjákọ bíi méje jáde. Ohun tó tẹ̀lé e ni ẹ̀kọ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí afẹ́fẹ́ àti igi. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé orí òkè ni, ẹ̀gbẹ́ igi tó kọjú sí afẹ́fẹ́ kì í ní ẹ̀ka, kì í sì í ṣe pé afẹ́fẹ́ tẹ àwọn ẹ̀ka náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Afẹ́fẹ́ ń gbé hóró yìnyín kiri, ó ń fi ha èéhù tuntun, ó ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ, èéhù náà ń kú kó tó di ẹ̀ka. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìtì igi nìkan ló ń yè. "Ẹ̀yin á máa rò pé igi náà ń sá," wọ́n ní. "Kò sá. Àwọn tó kù lára rẹ̀ lẹ̀ ń wò." Àlàásárì bá wọn níbẹ̀, gbogbo wọn kírun pa pọ̀ ní pálọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Uncle Ràṣídì fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Alhaji, it's clear now, sir. Ṣùgbọ́n ẹ ò wá lè lo blue?"

Bàbá Àgbà rò ó dáadáa, torí wọn kì í fojú kéré ìbéèrè. "Aró ń mú òwú le," wọ́n ní. "Irọ́ ni blue máa pa fún mi."

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Olóríkunkun ni, mo sì jogún rẹ̀. Wọ́n ń ṣílẹ̀kùn bálíkónì nínú òtútù, wọ́n ní ká wọ súwẹ́tà. Wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n ń kà lórí rédíò fún àwọn tó wà lójú òkun, a ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí tó fi máa parí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kankan kò sí ní Peckham. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ pé "má bínú" fún ẹnikẹ́ni nínú ilé rí. Tí inú bá bí wọn sí ọ, wọ́n á wá jókòó tì ọ́ nínú yàrá kan náà, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí o dìde lọ. Ó máa ń sú mi débi tí mo fi ń fẹ́ sunkún.

Níta, ẹlòmíràn pátápátá ni wọ́n. Ìgbà kan wà tí kánsù gbin àwọn igi kéékèèké sí iwájú ilé wa, wọ́n sì fi bẹ́líìtì rọ́bà so igi kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó pinpin. Ó dun Bàbá Àgbà bí ẹni pé ọrùn tiwọn ni wọ́n so. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé tí igi bá ń mì nínú afẹ́fẹ́, ìdí rẹ̀ ń nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ ń lágbára sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Èyí tí wọ́n bá so pinpin kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ló máa ṣubú. Ní gbogbo àárọ̀, wọ́n ń lọ sísàlẹ̀ lọ dẹ bẹ́líìtì náà. Òṣìṣẹ́ kan ká wọn mọ́ ọn, ó pariwo mọ́ wọn bí ẹni ń pariwo mọ́ ọmọdé. Èmi ti fẹ́ gbaná jẹ. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀. "Thank you very much, my dear," wọ́n ní. A wọ lífítì, ilẹ̀kùn pa dé, wọ́n fi ọwọ́ gbá ògiri lífítì náà lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún lọ dẹ bẹ́líìtì.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún mi. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n ní kí n dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elephant and Castle, kí n sì dá bọ̀. Mọ́mì ní láéláé. "Daddy, she's a child! You know what this area is like."

"Jẹ́ kó mì díẹ̀," Bàbá Àgbà ní.

Wọ́n sìn mí dé ibùdókọ̀, wọn ò tilẹ̀ juwọ́ sí mi. Mo jókòó sókè bọ́ọ̀sì, mo ń bínú, mo pinnu pé mi ò ní fẹ́ràn wọn mọ́. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí Mọ́mì tó sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé tèmi ni Bàbá Àgbà wọ̀, tí wọ́n ń na ọrùn láti rí mi ní gbogbo ibùdókọ̀. Mo sáré lọ bi wọ́n. Wọn ò gbójú sókè kúrò lára ìwé ìròyìn. "Sardine ni mo ń lọ rà," wọ́n ní.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ti igi. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Bàbá Àgbà nígbà yẹn, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ní ọ̀sán kan, fóònù mi dún, Bàbá Àgbà sì fi oríkì mi pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, mo wà nínú bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì number mélòó, Grandpa?"

"Kò ní number. Ó ń lọ Skọ́tlándì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ni?"

"Mo fẹ́ lọ wo ẹnì kan. Sọ fún ìyá rẹ."

Mo gba orúkọ ìlú tí wọ́n ń lọ lẹ́nu wọn, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mi ò gbé ju báàgì ọwọ́ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo bá wọn ní ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti wọ̀ sílé obìnrin kan tó ń gba àlejò, tí àwọn méjèèjì jọ ń mu tíì. Mo pariwo. Mo pariwo ní Yorùbá, mo pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ fún wọn pé wọ́n fẹ́ pa Mọ́mì, pé wọ́n fẹ́ pa èmi náà. Obìnrin náà gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bàbá Àgbà dúró kí ẹ̀mí mi balẹ̀. "Ṣé o ti parí?" wọ́n ní. "Lọ wá bàtà gidi wọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, a gun òkè náà. Wákàtí márùn-ún la fi rin ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi wákàtí méjì rìn. Nísàlẹ̀, àwọn igi páìnì dúró ṣánṣán, wọ́n ga, ara wọn pupa bí ilẹ̀ Ìgbẹ́tì nínú oòrùn àárọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Bí a ṣe ń gòkè ni wọ́n ń rẹlẹ̀. Wọ́n tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Wọ́n tó bọ́ọ̀sì. Wọ́n ga mọ mí. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí Bàbá Àgbà sọ fún Uncle Ràṣídì, tí gbogbo ẹ̀ka wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì wà ní ìhòòhò, funfun bí egungun. Lẹ́yìn náà àwọn igi náà mọ mí ní ìbàdí, lẹ́yìn náà ní orúnkún, ìkùukùu sì ń kọjá láàárín wa, ó tutù, ó ń gbé ohùn wa lọ kó tó dé etí ara wa. Mo ń rò ó pé bóyá àlá ni, pé bóyá gbogbo ayé ló ń wọ́ bí ìgbín lọ sísàlẹ̀ bí a ṣe ń gòkè. Tí mo bá bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ìlú mọ́.

"Igi kan náà ni," Bàbá Àgbà ń sọ léraléra. "Èso kan náà. Bí o bá gbin ọmọ èyí sísàlẹ̀, á ga."

Wọ́n dúró níbi tí mo rò pé koríko lásán ni. Wọ́n kúnlẹ̀, orúnkún wọn dún, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ya ewé náà. Igi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìtì rẹ̀ nípọn tó apá mi, ó ń fàyà fà lórí ilẹ̀, ó yí òkúta kan po, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó fara kan ilẹ̀ ti ta gbòǹgbò tuntun. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ igi yìí ni wọ́n ti máa ń so aṣọ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, pé ó ti dàgbà ju wọ́n lọ nígbà yẹn, pé láti ìgbà náà wá, bóyá ló fi ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tó fi ga sí i. Wọ́n dùbúlẹ̀ tì í. Wọ́n ní kí èmi náà dùbúlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo sì rí ohun tí wọ́n fẹ́ kí n rí: afẹ́fẹ́ ń ké lórí wa bí ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n níbi tí igi náà ń gbé, ó rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ń rùn bí oje igi. Mo sọ pé mi ò mọ̀ pé igi lè kúrú tó báyìí.

"Kò kúrú," Bàbá Àgbà ní. "Bí ibẹ̀ ṣe ga mọ nìyẹn."

A kírun Àílà níbẹ̀. Mi ò tíì ní ìbàlẹ̀ ọkàn bí ti ọjọ́ yẹn mọ́ láyé mi.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìjì ń jà, Bàbá Àgbà ṣílẹ̀kùn bálíkónì láti kí afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn náà sì gbá wọn ṣubú. Láti Àsùbáà ni wọ́n ti wà nílẹ̀ títí mo fi dé ní aago mọ́kànlá. Ilẹ̀kùn ṣì ń gbá, òjò ti wọ pálọ̀, ètè wọn ti dúdú. Lífítì ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wá fi ọkọ̀ gbé wọn ní láti gbé wọn sọ̀kalẹ̀ ní àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ọwọ́ wọn ló ṣẹ́. Dókítà ní ì bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́mì mọ ohun tó yẹ ká ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò lè la ẹnu sọ ọ́ fún bàbá wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ ọ́.

"Grandpa, ẹ ò lè dá gbé òkè yìí mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ," wọ́n ní. Wọ́n gba bírò, wọ́n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kánsù láìkà á, Bàbá Àgbà tó máa ń ka ẹ̀yìn agolo sardine kí wọ́n tó ṣí i.

Yàrá tuntun náà dára. Ọ̀nà New Cross ló wà, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, irin ìdìmú wà nínú bálùwẹ̀, okùn wà tí wọ́n lè fà kí èèyàn wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn hàn wọ́n bí ẹni tó ń ta ọjà. Ògiri bíríkì ló wà níwájú fèrèsé. Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ igi ìgbálẹ̀, wọ́n fi sí ìta fèrèsé, inú mi sì dùn, mo ní ó ti ń mọ́ wọn lára. Oṣù méjì pé, wọ́n ní kí n bá wọn mú un wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n wá gbé tépù fún mi kí èmi náà wọ̀n ọ́n. Òwú ẹyọ kan ò já. Wọ́n na ìwé sí mi.

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ òdo. Bàbá Àgbà ká aṣọ náà ní mẹ́rin, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀. "Thank you very much, my dear," wọ́n ní fún mi.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi jà mọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, thank you. Tí mo bá pa fèrèsé dé, thank you. Tí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ìròyìn ojú ọjọ́ ń lọ lọ́wọ́, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ síta, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé Bàbá Àgbà ti rọ̀ gan-an, pé ibẹ̀ bá wọn lára mu. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ mi níta, màá sunkún kí n tó lọ sílé.

Oṣù kẹsàn-án tí wọ́n dé yàrá náà ni àyà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, a sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́mì jáde lọ ra tíì, ó ku èmi pẹ̀lú wọn. Oòrùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé wọ́n ń sùn. Mi ò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu mi.

"Grandpa, ṣé ẹ bínú sí mi ni? Torí pé mo gbé yín sọ̀kalẹ̀?"

Wọ́n la ojú. Wọ́n mí, wọ́n tún mí, wọ́n ń wá èémí tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà.

"Mo bínú," wọ́n ní.

"Gan-an?"

"Gan-an ni. Mo ṣì ń bínú."

Ẹkún gbé mi. Mi ò lè dá a dúró, nọ́ọ̀sì tó wà lápá kejì bojú wò wá. Bàbá Àgbà ń wò mí, ojú wọn le, wọ́n kanra bí ìgbà tí Mọ́mì fọ aṣọ.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" wọ́n ní. "Ta lo fẹ́ kí n máa bínú sí? Àlejò?"

Mo fi ọwọ́ nu ojú. Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò sì jẹ́ kí n dìde, a jọ jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bínú sí mi, títí àsìkò àbẹ̀wò fi parí.